Àpò Kan, Obìnrin Méjì

Ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà kò gbé àpò ìyẹ̀fun rí láyé rẹ̀. Ó hàn nínú bó ṣe kọ ọ́. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ìyẹ̀fun tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta wá fi hàn lójú ọ̀gá pé òun ṣì lè gbé àpò àádọ́ta kílò láti ilẹ̀ dé èjìká, láìsí olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí kò bá lè gbé e, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún fa eruku ìyẹ̀fun símú, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún wọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé, ọkàn Ìyá Irin sì balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Irin, nígbà tó máa ń ju òkò irin kọjá ibi tí wọ́n fi ẹfun sàmì sí, tí àwọn olùkọ́ á máa sá sẹ́yìn. Irin ọ̀hún ti dógùn-ún tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn tó bá a sọ ọ́.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó na apá níwájú dígí, ẹran tó so rọ̀ níbẹ̀ sì ń mì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹ̀rín náà pa rẹ́. Láti ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó ń wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Àpò ìrẹsì kan wà níbẹ̀, àádọ́ta kílò gẹ́lẹ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀. Á so ẹnu rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dì í mú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, egungun ìbàdí rẹ̀ nìkan ló dáhùn. Lọ́sẹ̀ kejì, àpò náà dé orúnkún. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó dé ìbàdí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ńṣe ló fò dé èjìká rẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti ń retí kí wọ́n pe òun.

Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí nígbà tí ara bá ń gbọ́ràn síni lẹ́nu. Kò tún nílò ìwé ara ògiri láti jí i mọ́, òun ló ń jí ara rẹ̀, àní ó ń kánjú kí ilẹ̀ mọ́. Ó ń na apá níwájú dígí, ó ń tẹ ibẹ̀ wò, ó sì dá a lójú pé ó ti le. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó fẹ́ bá wọn lójijì.

Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé ni ojú ti là. Gbogbo wọn jókòó ti búrẹ́dì àti tíì: ọkọ rẹ̀, alábàárù àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó kọ ọ́, aya ọmọ rẹ̀ àgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó, àti àwọn ọmọ Ìyàwó méjèèjì, tí wọ́n ń jà sí etí búrẹ́dì.

"Ìyá," ni Ìyàwó wí, "ìrẹsì ti ń tán o. Bóyá ká fi se oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i."

"Ìrẹsì wo?"

"Ti inú àpò náà."

"Àpò tó wà ní yàrá oúnjẹ?"

"Òun náà. Òun ni mo ti ń sè látọjọ́ yìí." Ìyàwó wò ó, kò mọ ohun tó ṣẹ̀. "Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́, Ìyá. Àná lẹ ní kí n bù kún un."

Ìyá Irin gbé ife sílẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá oúnjẹ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, àpò náà wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ kan péré ló fi gbé e, bí ẹni gbé báàgì ọjà.

"Mo rò pé mò ń lágbára sí i ni," ló wí. "Àṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹun."

Wọn kò lóye rẹ̀, ó bá ní láti ṣàlàyé. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ojú ń tì í sí i, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ní ibì kan tí èèyàn lè gbà sọ ọ́ kó má pani lẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e, Ìyá? Àràárọ̀ ni mò ń bá a níbòmíràn. Mo rò pé eku ni."

"Eku wo ló ń gbé àpò?"

"Ẹ̀rù irú eku tó máa jẹ́ ló ń bà mí. Mo tiẹ̀ ti fi oògùn eku sẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ojú ẹ ńkọ́?" ọkọ rẹ̀ bi í, ó ń nu omijé. "O ò rí i pé àpò náà ti rọ̀ bí ikùn aláàwẹ̀?"

"Apá mi ni mò ń wò," ni Ìyá Irin dá a lóhùn. Kò parọ́.

Ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá jáde. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ní òun ti sọ ọ́ sọ ọ́, ó ti sú òun. Kí ni obìnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ń gbé àpò fún? Kó jókòó sílé. Kó jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó gba ọpẹ́ náà.

"Ká wá máa fi ọpẹ́ ra ìrẹsì, àbí?" ni Ìyá Irin wí.

Ọkọ Ìyàwó wà lọ́nà jíjìn, ìgbà tó bá rí ni ó ń fi nǹkan ránṣẹ́. Nínú ilé náà, owó oṣù Ìyá Irin nìkan lowó tí wọ́n mọ ọjọ́ tó máa wọlé. Bí kò bá gbé àpò lónìí, kò ní sí èyí tí wọ́n máa mọ ọjọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ pàápàá dẹ́kun ìjà búrẹ́dì. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo tí wọn kò tíì jẹun tán nínú rẹ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ dìde. Ó bọ́ bàtà. Ó dúró sáàárín pálọ̀.

"Mélòó ni nọ́ọ̀sì ní mo wúwo lọ́jọ́sí?"

"Mẹ́tàléláàádọ́ta."

"Ó yá. Gbé mi."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́, Bàbá?"

"Ìwọ lo fẹ́ gbé, kì í ṣe èmi. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Apá kì í gbé ẹrù. Apá kàn ń dì í mú ni. Itan ló ń gbé e. Jókòó wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí. Fà á mọ́ra, má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín yín kọjá. Gbé e sórí itan, kó o sinmi níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́ tó o bá sinmi. Lẹ́yìn náà kó o wá fi ìdí tì í sókè."

Ìyá Irin dúró, ó ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.

"Ẹ mọ gbogbo èyí, ẹ ò sì kọ́ mi?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó o yege," ló wí. "Ojú ń tì mí. Mo rò pé tó o bá já kulẹ̀, àwa méjèèjì á jọ máa jókòó."

Ìyàwó yára kó àwọn ọmọ lọ sílé ìdáná. Ìyá Irin jókòó wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, ó fa ọkọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìgbà àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì ṣubú sórí àga. Ìgbà kejì, ó gbé e dé itan, Bàbá ní kó sinmi, ó sinmi, àmọ́ ẹ̀rín mú un, gbogbo agbára tú. Fèrèsé ilé kejì kọjú sí tiwọn, obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Fèrèsé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti máa ń rí i. Ó ti fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ fún ẹni tó wà nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀ pé obìnrin náà ti ń bá ọkọ rẹ̀ wọ ìjàkadì o, òun kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ẹni tó ń dá nìkan bọ́ ilé, ọjọ́ kan ló máa sú u.

Ìgbà kẹta, Bàbá lọ sókè. Itan, ìsinmi, ìdí, èjìká. Fìlà rẹ̀ já bọ́. Ó so kọ́ èjìká ìyàwó rẹ̀, orí rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Ìyá Fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀ o," ló kí i láti òkè.

Báyìí ni Ìkejì ṣe bá wọn. Ìsàlẹ̀ ilé náà ló ń gbé. Ní yàrá ìyẹ̀fun, ẹni méjì ló máa ń gbé àpò kan, wọ́n á di etí rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á jọ gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Àwọn méjèèjì yìí ti jọ ń gbé e láti ọdún mọ́kàndínlógún, débi pé wọn kì í pe orúkọ ara wọn mọ́. Ìkejì lèyí ń pe tọ̀hún, Ìkejì ni tọ̀hún ń pe èyí. Ìkejì yìí ti pé ọgọ́ta ọdún.

"Kí ni Bàbá ṣe tó o fi gbé wọn kọ́?"

"Wọ́n ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé àpò."

"Kí wọ́n kọ́ èmi náà."

Bàbá ti jókòó, ó ti fi ọwọ́ mú ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì ti fún pọ̀. Kò sí ẹni tó tún lè gbé e lọ́jọ́ náà. Àkókò pàápàá ti lọ. Wọ́n bọ́ sọ́nà. Ó yẹ kí Ìyá Irin ṣàlàyé ọ̀rọ̀ itan fún un lójú ọ̀nà, wọ́n rin ìrìn tó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló ń sọ. Ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń ṣàfihàn bí òun ṣe fi ọwọ́ kan gbé àpò jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, Ìkejì náà ń bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ẹnu géètì.

Àwọn méjì péré ló ti kọjá ọjọ́ orí tí ìwé náà sọ. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù, ọsibítù ti gba àwọn kan, ilẹ̀ ti gba àwọn kan. Ọ̀gá mú ìwé àti kálámù dání. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í rí àgbà fín. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin, dúró ti ògiri yíká, ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú wọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú," ni ọ̀gá wí. "A ò ní pẹ́."

Ìyá Irin ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Àpò ìyẹ̀fun kì í ṣe ọkọ ẹni. Kì í bá ni ṣe é, kò ní ìgbáròkó tí èèyàn lè dì mú. Ó jókòó wálẹ̀. Ó fà á mọ́ra títí eruku fi wọ̀ ọ́ lójú. Ó gbé e dé itan, ó sinmi. Ó gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ó sì rántí pé kò sẹ́ni tó máa na òun. Lẹ́yìn náà ó fi ìdí tì í, àpò náà lọ sókè, ó jókòó sí èjìká rẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pariwo pé Irin ni o. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Èjìká ni ìwé sọ. Kò sẹ́ni tó ní kó rìn. Àmọ́ ara rẹ̀ ti yá, ó sì ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un gbẹ̀yìn. Obìnrin yìí gbé àpò náà, ó rìn dé ẹnu ẹ̀rọ, ó yípo, ó rìn padà, ó tún na ọwọ́ kejì sókè láti kí àwọn ọmọdé òde òní. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ ló pa tèmi," òun ló wí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀gá ń kọ̀wé. Ó kọ ọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ kéèyàn pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

"Ẹ ti rí i fúnra yín," ló wí fún àwọn tó dúró ti ògiri. "Bí ìyá wa bá lè gbé e rìn dé ẹnu ẹ̀rọ, kí lẹ̀yin ń fi ẹni méjì ṣe? Láti ọjọ́ Ajé, ẹnì kan, àpò kan. Lọ́la ni màá mú ìwé ẹ̀ wá. Ẹni tó bá máa dúró á fọwọ́ sí i. Ẹni tí a ò bá nílò mọ́, a ó máa sọ fún un."

Àtẹ́wọ́ náà dá. Ìyá Irin sọ àpò kalẹ̀, kò sì rí ẹni tó wojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe Ìkejì. Ó fi apá gbé e, bí ẹni tí a kò kọ́ ṣe máa ń ṣe. Ó dé orúnkún. Ó dúró síbẹ̀, ọrùn rẹ̀ le, ó wá rọra gbé e padà sílẹ̀, kò jù ú, nítorí pé ọdún mọ́kàndínlógún ti kọ́ ọ pé ìyẹ̀fun tó bá tú sílẹ̀, àwọn náà ni wọ́n máa gbá a. Ó jókòó sórí rẹ̀.

"A dúpẹ́ o, Ìyá," ni ọ̀gá wí.

Ọ̀gá ní kí Ìyá Irin náà máa lọ sílé títí di ọ̀la. Lójú ọ̀nà, Ìyá Irin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò parí ọ̀kankan. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ilé, Ìyá Fèrèsé ti gbọ́, ẹ má bi mí bó ṣe gbọ́. Ó yọ orí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún."

"Ọdún kan ló kù," ni Ìkejì dá a lóhùn, ó wọlé.

Lókè, wọ́n ti ń dúró. Ìyàwó ti din ẹyin. Àwọn ọmọ fẹ́ kí Ìyá Àgbà gbé àwọn. Bàbá wà lórí ibùsùn, wọ́n ti fi aṣọ gbígbóná sí i lẹ́yìn, àmọ́ ojú rẹ̀ tàn.

"O gbé e?"

"Mo gbé e."

"Itan?"

"Itan."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

Ó jókòó ti ẹyin náà, kò fọwọ́ kàn án. "Wọ́n ní agbára mi tó ti ẹni méjì. Owó ẹnì kan ni wọ́n máa san."

Ó sọ ìyókù fún wọn. Ó sọ ti ìrìn náà, kò fi ohunkóhun pamọ́, títí kan ọwọ́ tó nà sókè. Bàbá bi í pé Ìkejì ńkọ́. Ó gbé ojú wo ògiri. Ìyàwó bo ẹyin náà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ìkejì wà lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára bàtà iṣẹ́. Ìyá Irin jókòó tì í.

"Mi ò ní fọwọ́ sí ìwé wọn lọ́la," ló wí.

"Fọwọ́ sí i. Ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ máa jẹun."

"Ta ló ní kí n rìn?"

"Èmi náà ti bi ara mi. Èjìká ni ìwé wí."

"Ara mi ló yá. Ó ti pẹ́ tó ti yá kẹ́yìn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi."

"Wọ́n rí ẹ."

Búrọ́ọ̀ṣì náà ń lọ, ó ń bọ̀. Bàtà ti mọ́ tipẹ́.

"Mo mọ ọ̀rọ̀ itan nígbà tá à ń lọ láàárọ̀," ni Ìyá Irin wí. "Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni mò ń sọ fún ẹ."

"Ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà dùn," ni Ìkejì wí. Ó gbé bàtà kan, ó gbé èkejì.

"Màá sọ fún wọn lọ́la pé ẹni méjì ló ń gbé àpò yẹn. Màá sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ yẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí i bá mi wí i. Lórí oúnjẹ wọn náà ni mo rìn yẹn."

"Wọ́n á ní kó o máa lọ."

"Mo mọ̀."

"Ọkọ ẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ òkè yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ìkejì. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Àmọ́ màá sọ ọ́."

Ìyá Irin rí i pé kò sí ohun mìíràn tí òun lè sọ, ó ní kí òun máa gòkè lọ. Ó gbé ara sókè, itan kò dá a lóhùn. Wọ́n ti le gan-in látìgbà tó ti jókòó. Ó tún gbìyànjú, ó dé agbedeméjì, ó padà jókòó gbì.

"Wo obìnrin tó gbé àádọ́ta kílò," ló wí fún ara rẹ̀.

Ìkejì jẹ́ kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Kò yọ ọ́ lẹ́nu, kò ràn án lọ́wọ́, ó ń wò ó. Nígbà tí Ìyá Irin jókòó gbì lẹ́ẹ̀kẹta, Ìkejì gbé bàtà sílẹ̀, ó dìde, ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó fà á, Ìyá Irin náà ti ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì dìde.

"Ìwọ yìí wúwo ju àpò lọ," ni Ìkejì wí.

Wọ́n dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn, títí ẹsẹ̀ Ìyá Irin fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Ìkejì wá bi í pé aago mélòó ni kí àwọn jáde lọ́la.